Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbé Ọ̀rọ̀ Wa Sókè

Bàbá mi ló kọ́kọ́ kọ́ mi pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi sí ìsàlẹ̀ àjẹ́ńdà, ọ̀rọ̀ tí wọn ò fẹ́ sọ ni. Alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa ní Mowe ni. Àwọn tó ra ilẹ̀ níbẹ̀, Èkó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kọ́lé, kí ilẹ̀ sì tó mọ́ ni wọ́n ti ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n ń ráyè ṣe mítìn, abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa ni wọ́n sì ń ṣe é. Èmi ni mo máa ń to àga.

Mo rántí ọ̀rọ̀ gọ́tà dáadáa. Òjò kì í rọ̀ kí omi má wọ ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò, ṣùgbọ́n ìparí mítìn ni wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ gọ́tà sí, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ géètì, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹni tó da ìdọ̀tí sójú títì. Kí wọ́n tó dé ìdí rẹ̀, àwọn tó ní ọbẹ̀ lórí iná ti lọ, àwọn tó fẹ́ kírun ti lọ, àwọn tó ní ìpàdé àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì ti gbé Bíbélì wọn. Àwọn tí omi ń wọ ilé wọn nìkan ló máa kù sórí àga. Kì í ṣe pé àwọn tó kù burú. Òkè ni wọ́n ń gbé, omi ò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nígbà tí wọ́n fi bàbá mi jẹ alága, kò yí òfin kankan padà. Lọ́jọ́ tó ṣáájú mítìn, ó wọ bàtà, ó lọ sílé Alàájì tó ń darí ọ̀rọ̀ géètì, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí gọ́tà gba ipò géètì. Ó ní èèyàn kì í gba ààyè àgbà lójú mítìn, ilé rẹ̀ lèèyàn ń lọ. Lọ́jọ́ kejì, Alàájì fúnra rẹ̀ ló dìde pé kí wọ́n gbé gọ́tà sókè. Bàbá mi bi ilé bóyá ẹnikẹ́ni lòdì sí i. Kò sẹ́ni tó fọhùn. Ó ní, “Ẹni tó dákẹ́ ti gbà,” ó sì lu tábìlì. Gọ́tà yẹn wà níbẹ̀ dòní, búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi kọ́ ọ, Ìbafọ̀ ni wọ́n ti rà á.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ àdúgbò lásán ni. N kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tí yóò gbà mí lókè òkun ni bàbá mi ń kọ́ mi, èmi tí mò ń to àga kiri.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí. Ifọ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́, nílé ìwòsàn kan tí àwọn aboyún ti ń wá láti Òkè-Àró, láti Ajuwọn, láti àwọn abúlé tí ọkọ̀ kì í dé nígbà òjò. Mo ti gbẹ̀bí lójú iná tọ́ọ̀ṣì, mo ti gbẹ̀bí nínú ọkọ̀ tó takú sójú ọ̀nà, mo ti gba ìbejì tí ìyá wọn fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé méjì ni. Bí mo bá ń kọjá lójà Ifọ̀, àwọn ìyá á máa ti ọmọ wọn síwájú pé kí wọ́n wá kí ìyá wọn. N kò tíì lọ́kọ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo ti lọ́mọ káàkiri ìlú.

Kánádà ni mo wá. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà àti bàálù sílẹ̀, ẹni tó bá ti rìn ín mọ̀ ọ́n. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Mo wọlé, mo kí gbogbo èèyàn káàárọ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Àwọn kan wojú fóònù, àwọn kan wojú fèrèsé, obìnrin kan sì fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Mo jókòó, mò ń rò ó bóyá òkú ló wà nínú ọkọ̀ náà. Òtútù tí wọ́n ti fi dẹ́rù bà mí láti ilé kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Òtútù, mo ra ẹ̀wù sí i. Kí ni mo fẹ́ rà sí ìdákẹ́jẹ́?

Wọ́n wo ìwé ẹ̀rí mi, wọ́n ní ó dára, wọ́n sì ní kò wúlò níbẹ̀. Bí mo bá fẹ́ gbẹ̀bí, kí n padà sílé ẹ̀kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan ọmọ tuntun rí. N kò lágbára rẹ̀. Mo gba iṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ, mò ń ti kẹ̀kẹ́ wọn lọ síbi oòrùn. Ní Ifọ̀, ẹnu ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà wọ ayé ni mo dúró sí. Níbí, wọ́n gbé mi lọ sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jáde. Iṣẹ́ tó níyì ni, n kò tàbùkù rẹ̀. Kì í kàn ṣe iṣẹ́ mi ni.

Ìyá arúgbó kan níbẹ̀ ní kí n máa pe òun ní Bẹ́tì. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Báwo ni màá ṣe dúró síwájú ẹni tó ju ìyá ìyá mi lọ kí n máa pè é lórúkọ bí ẹgbẹ́ mi? Màámà Bẹ́tì ni mò ń pè é, kò sì pẹ́ tí òun náà fi kọ̀ láti dáhùn bí ẹlòmíràn bá pe Bẹ́tì lásán. Ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́ nílùú òyìnbó nìyẹn, n kò sì fi ṣeré.

Ìkejì ni Àǹtí Sìdí. Mo wọ yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń bá kẹ́tùlù wí ní Yorùbá pé ṣé òun náà ò fẹ́ ṣiṣẹ́ lónìí ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn kí n tó mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ajuwọn ni, agbẹ̀bí bíi tèmi, ó sì ti ń gbẹ̀bí nígbà tí èmi ṣì ń to àga. Òun náà, arúgbó ló ń wẹ̀. A jọ ń jẹun, a jọ ń bínú, lọ́jọ́ tí àárẹ̀ ò bá pọ̀, a jọ ń sọ ìtàn àwọn ìbí tó le tí a ti rí, bí àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì.

Gbogbo Sátidé ni bàbá mi ń pè mí lẹ́yìn mítìn. Ó máa ń ròyìn mítìn náà fún mi bí ẹni ń ròyìn bọ́ọ̀lù: ẹni tó sọ̀rọ̀, ẹni tó bínú jáde, ẹni tó tún padà wọlé nítorí ó gbàgbé fìlà. Bó bá wá kù díẹ̀ kó pa fóònù, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀. Á ní, “Ìyá mi, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kó o gbẹ̀bí?” Ìyá mi ló ń pè mí nítorí wọ́n bí mi lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Mo máa ń ní, “Wọn ò tíì jẹ́ kí n gbẹ̀bí, Dádì.” Òun náà á ní wọ́n á jẹ́. Mo máa ń sáré pa fóònù kí ohùn mi tó yí padà.

Ọmọ Màámà Bẹ́tì, Lọ́rà lorúkọ rẹ̀, aṣòfin ni nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ tí a wà. Ọjọ́ Sọ́ńdè ló máa ń wá kí ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé kí ni mò ń ṣe nílé kí n tó wá. Mo sọ fún un. Ó bi Àǹtí Sìdí náà. Ó wo èmi, ó wo Àǹtí Sìdí, ó ní obìnrin kan ládùúgbò òun ti bímọ sójú ọ̀nà nítorí pé ibi tí agbẹ̀bí wà jìnnà. Ó gbé àbádòfin kan lọ sílé aṣòfin lẹ́yìn náà: kí agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè ṣe ìdánwò, kó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lábẹ́ ojú ẹni tó ti wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n jẹ́ kó dá dúró. Ìgbìmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó fọwọ́ sí i. Ó ku kí gbogbo ilé kà á ní ìkẹyìn, kí wọ́n sì dìbò.

Mo rò pé ó ti parí. Mo tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwòrán bàtà iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá tíì jókòó sórí àga àlejò nílé aṣòfin rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń lo ọjọ́ wọn níbẹ̀. Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á kí àlejò. Lẹ́yìn náà ni àkókò ìbéèrè, tí àwọn alátakò á da ìbéèrè bo àwọn mínísítà, tí àwọn mínísítà á sì máa dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kan ọ̀rọ̀ ìjọba, ọ̀rọ̀ ìjọba ló sì ni ọ̀sẹ̀. Aṣòfin tí kì í ṣe mínísítà, bó bá ní àbádòfin tirẹ̀, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ nìkan ló ní, gègé ni wọ́n sì ń ṣẹ́ láti mọ ẹni tí yóò ṣáájú. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé ètò tí wọ́n ń tẹ̀ láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ohun tí wọ́n tẹ̀ ni wọ́n máa tẹ̀ lé. Ìjọba lè dìde kó ní òun fẹ́ kí ohun tó wà nísàlẹ̀ wá sókè. Mínísítà lè ní òun fẹ́ ṣe ìkéde. Agogo lè dún pé kí wọ́n wá dìbò, àwọn aṣòfin á sì máa rìn wọlé bí ẹni ń ti ibi ìkómọ bọ̀.

Èmi àti Àǹtí Sìdí ń pààrọ̀ iṣẹ́ kí a lè wà níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́ kan, aṣòfin àtijọ́ kan ti kú, wọ́n fi àkókò wa ṣèrántí rẹ̀. Àǹtí Sìdí ní kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, àmọ́ ṣé kò rí Mọ́ńdè kú ni. Lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ wa ló kàn gan-an. Lọ́rà ti dìde, ó ti gbé gíláàsì sójú, ó ti la ẹnu pé “Abẹnugan,” ni àkókò bá pé. Abẹnugan dìde, gbogbo ilé dìde, wọ́n jáde. Mo jókòó sókè níbẹ̀, mò ń wo àwọn àga òfìfo, omi ń bọ́ lójú mi. Ìbínú ni, kì í ṣe ìbànújẹ́. Mo mọ irú mítìn yìí. Èmi ni wọ́n fi sílẹ̀ sórí àga lọ́tẹ̀ yìí.

Lẹ́yìn náà ni ìròyìn jáde pé ìdìbò ń bọ̀, ilé máa tú ká. Lọ́rà ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nínú yàrá ìyá rẹ̀. Àbádòfin tí wọn ò bá tíì parí nígbà tí ilé bá tú, ó ti kú nìyẹn. Ilé tuntun ò ní mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí gègé, bó bá tilẹ̀ wọlé ìbò. Ọjọ́bọ̀ kan ṣoṣo ló kù, àkókò rẹ̀ kò sì ju ohun tí ọ̀rọ̀ kan lè gbà lọ. Tiwa ló wà nípò kejì.

Ẹni tó wà nípò kìíní ni bàbá arúgbó kan láti ẹgbẹ́ òṣèlú kejì. Ó fẹ́ kí wọ́n yí orúkọ afárá kan padà. Èmi àti Àǹtí Sìdí ò mọ orúkọ rẹ̀ nígbà yẹn, Bàbá Afárá ni a ń pè é, ohùn wa kì í sì í dùn bí a bá ń pè é bẹ́ẹ̀. Òfin ilé gbà kí aṣòfin méjì pààrọ̀ ipò bí ilé bá fọwọ́ sí i. Lọ́rà ti bẹ̀ ẹ́, ó ní rárá.

Lọ́jọ́ yẹn, n kò dúró de Sátidé. Èmi ni mo pe Mowe. Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì já lu ọ̀rọ̀ mi.

“Níbo ni aṣòfin yín ti bẹ̀ ẹ́?”

“Ní kọ́rídọ̀, Dádì. Nígbà tí wọ́n ń jáde.”

“Lójú àwọn èèyàn?”

“Lójú àwọn èèyàn.”

Mò ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá ní, “Ṣé bàbá yẹn ò nílé ni? Ẹ fẹ́ fa àga lábẹ́ àgbàlagbà ní gbangba, ẹ wá fẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín. Ẹ lọ bá a níbi tó ń jókòó. Ẹ̀yin tọ́rọ̀ kàn ni kẹ́ ẹ lọ o, ẹ má rán aṣòfin. Kó o sì kúnlẹ̀ dáadáa.”

Mo ní wọn kì í kúnlẹ̀ níbí.

Ó ní, “Ṣé orúnkún ẹ ò bá ẹ lọ ni?”

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Bàbá Afárá máa ń jókòó sí ọ́fíìsì kan nílùú tó ń ṣojú fún, tí ẹni tó bá fẹ́ lè wọlé lọ bá a. Àǹtí Sìdí din ṣinṣín kún ike kan. Lọ́rà ní a ò gbọ́dọ̀ mú un wọlé, wọ́n á ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Àǹtí Sìdí ní irú ìlú wo ni èèyàn ti ń lọ kí àgbà lọ́wọ́ òfo, ṣùgbọ́n ó fi í sínú ọkọ̀.

Wọ́n ní kí a wọlé. Bàbá náà wà lẹ́yìn tábìlì, irun rẹ̀ funfun báláú. Mo ti sọ fún ara mi pé màá kàn tẹ orúnkún díẹ̀. Ibi tí mo ti rí irun orí rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ilé ti gbà á lọ́wọ́ mi, mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ gbì. Bàbá rò pé mo ṣubú ni. Ó pariwo, ó yí tábìlì ká, ó bẹ̀rẹ̀ kó lè gbé mi dìde, ni orúnkún òun náà bá kọ̀, kò lè dìde mọ́. Báyìí ni àwa méjèèjì ṣe wà nílẹ̀, èmi ń ní “Ẹ má bínú, sà,” òun ń ní kí n má mira, bóyá egungun ti yẹ̀. Àǹtí Sìdí ni kò dààmú. Ó gba ẹ̀yìn bàbá, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀, ó gbé e dìde bí a ṣe ń gbé aboyún tó ti rẹ̀, ó sì fi í jókòó sórí àga rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bàbá náà wo ara rẹ̀, ó wò wá, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wà nílé aṣòfin, kò sẹ́ni tó tíì gbé òun báyìí rí.

Mo ṣàlàyé pé ìkíni ni, kì í ṣe ìṣubú. Mo wá sọ ohun tí a bá wá. Ẹ̀rín náà rọra kúrò lójú rẹ̀.

Ó ní bàbá òun wà lára àwọn tó kú nígbà tí wọ́n ń kọ́ afárá yẹn, òun ṣì kéré. Orúkọ mínísítà kan ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Àwọn tó bá afárá lọ, wọn ò kọ orúkọ wọn síbì kankan. Òun ti ń ṣẹ́ gègé láti ọjọ́ pípẹ́ kó tó bọ́ sí òun lọ́wọ́. Òun ti dàgbà, òun ò ní díje mọ́. “Bí mi ò bá ṣe é ní Ọjọ́bọ̀ yìí,” ló wí, “kò sẹ́ni tó máa bá mi ṣe é.”

Ojú tì mí gan-an. Àtọjọ́ yìí tí a ti ń fi ọkùnrin yìí ṣẹ̀fẹ̀, òkú bàbá rẹ̀ ló gbé lọ́wọ́. Mo sọ fún un pé bàbá mi ló ní kí n wá, pé n kò mọ̀ pé bàbá tirẹ̀ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, pé kó má bínú. Mo ti dìde pé kí a máa lọ.

Ó ní kí n jókòó. Ó ní kí ló mú bàbá mi rò pé òun lè gbà. Mo wá sọ ìtàn gọ́tà fún un, àti Alàájì, àti igi máńgòrò. Ó fetí sílẹ̀ bí ọmọdé.

“Géètì wá ńkọ́?” ló bi mí.

“Ó wà níbẹ̀, sà. Bí wọ́n ṣe parí ọ̀rọ̀ gọ́tà, kí ẹnikẹ́ni tó dìde, bàbá mi ní ẹni tó fún wa láàyè kò gbọ́dọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Ó ní kí ilé fọwọ́ sí géètì láì sọ̀rọ̀ lé e lórí mọ́. Gbogbo wọn dákẹ́. Ó lu tábìlì.”

Ó ní wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ nílé àwọn náà. Ilé lè fọwọ́ sí ohunkóhun láì jiyàn, bí gbogbo wọn bá gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ṣoṣo bá ní rárá, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Kò ṣèlérí fún wa. Ó ní kí a máa lọ ná, òun á rò ó.

Nínú ọkọ̀, Àǹtí Sìdí ṣí ike ṣinṣín náà, a sì jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ dé. Àkókò ìbéèrè gùn. Mínísítà kan ṣe ìkéde lórí ọ̀nà àti yìnyín, bí ẹni pé yìnyín á sá lọ bí kò bá sọ ọ́ lónìí. Agogo dún, wọ́n dìbò lórí ohun tí kò kàn wá. Àǹtí Sìdí ń ka tẹ̀sùbáà lábẹ́ ìbòrí rẹ̀, èmi ń gba àdúrà tèmi ní orúkọ Jésù, a ò fi ọ̀nà kankan sílẹ̀. Lọ́rà wà nísàlẹ̀, kò wòkè.

Abẹnugan pe Bàbá Afárá. Ó di àga mú, ó dìde. Ó ní òun tọrọ ìyọ̀ǹda ilé kí òun pààrọ̀ ipò pẹ̀lú aṣòfin òdìkejì, kí ọ̀rọ̀ àwọn agbẹ̀bí lè ṣáájú. Àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀ yíjú wò ó. Abẹnugan bi ilé bóyá ẹnikẹ́ni lòdì sí i.

Ilé dákẹ́. Mo ti kórìíra ìdákẹ́jẹ́ ìlú yẹn láti ọjọ́ tí mo ti wọ bọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ yẹn, mo bẹ Ọlọ́run kó fún mi sí i. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má húkọ́. Abẹnugan wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní ilé ti gbà.

Lọ́rà sọ̀rọ̀, àwọn mìíràn sọ̀rọ̀, obìnrin kan láti ìhà àríwá tí n kò mọ̀ rí sọ pé bí àgbègbè òun ṣe wà yẹn, bí agbẹ̀bí bá wá láti inú òṣùpá, àwọn á gbà á. Nígbà tí Abẹnugan ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn dáhùn, “bẹ́ẹ̀ ni” wọn mi àga tí mo jókòó lé. Ó ti di òfin, ó ku ìbuwọ́lù. Àwa tó wà lókè ò gbọ́dọ̀ pariwo, òfin ibẹ̀ nìyẹn. Àǹtí Sìdí ki etí ìbòrí rẹ̀ bọ ẹnu. Èmi kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì sunkún tọkàntọkàn.

Ṣùgbọ́n a ò tíì lè lọ. Àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lọ́rà tún dìde. Ó ní kí ilé fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ afárá báyìí, láì jiyàn, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó kú síbi tó yẹ. Abẹnugan bi ilé bóyá ẹnikẹ́ni lòdì. Mo rí mínísítà kan tó wo aago, ó mi orí, ó la ẹnu. Ẹni tó jókòó tì í fi ọwọ́ kan apá rẹ̀. Ó pa ẹnu dé.

Ẹni tó dákẹ́ ti gbà.

Bàbá Afárá bo ojú fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó wòkè, ó wá ibi tí a wà títí ó fi rí wa. Ó di etí tábìlì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì tẹ orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún yẹn díẹ̀, sí wa, lójú gbogbo ilé. N kò rò pé ẹlòmíràn mọ ohun tó ń ṣe.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, n kò jẹ́ kí mítìn parí kí n tó pè. Mo gbọ́ tí bàbá mi ní kí wọ́n dákẹ́, tó sì tẹ fóònù kí gbogbo wọn lè gbọ́. Mo gbọ́ ẹyẹ orí igi máńgòrò, mo gbọ́ ohùn ọkọ̀ ojú títì láti ọ̀nà jíjìn. Ó ní òun tọrọ ìyọ̀ǹda ilé kí òun yí àjẹ́ńdà padà, kí ọ̀rọ̀ tó ti Kánádà wá ṣáájú ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ. Ó ní ṣé ẹnikẹ́ni lòdì. Ó lu tábìlì, ó wá ní, “Ìyá mi, máa sọ ọ́.” Mo sọ ọ́. Ariwo tí wọ́n pa wọ etí mi débi pé mo gbé fóònù jìnnà. Alàájì gba fóònù lọ́wọ́ bàbá mi, ó ní ṣé mo sọ fún wọn pé òun lòun kọ́kọ́ gbé ipò òun sílẹ̀. Mo ní mo sọ ọ́, Alàájì, ó ti wọ ilé aṣòfin.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá mo ti wá di ará ibí. N kò mọ èsì tó tọ́. Mo ṣì ń kí bọ́ọ̀sì káàárọ̀, àwọn kan sì ti ń dáhùn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí n kò mọ ẹni tí èèyàn ń lọ bá nílé rẹ̀, àlejò pátápátá ni mí. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ sókè, mo ti ní àga tèmi níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ló wà.

Mo ṣe ìdánwò. Mo yege. Ọjọ́ tí mo tún gba ọmọ, obìnrin kan tí mo ti ń ràn lọ́wọ́ láti àárọ̀ ló bí i, ọmọbìnrin, ó tóbi, irun kún orí rẹ̀. Ó bọ́ sí ọwọ́ mi, ó sì dákẹ́. Yàrá náà pa rọ́rọ́, ìyá rẹ̀ ń wò mí lójú. Ibẹ̀ nìkan ni n kò ti ń gbà pé ẹni tó dákẹ́ ti gbà. Mo nu imú rẹ̀, mo nu ẹnu rẹ̀, mo ra ẹ̀yìn rẹ̀ gidi bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ kàn ẹ́, sọ̀rọ̀.”

Ó ké. Ó ké débi pé wọ́n gbọ́ ọ ní kọ́rídọ̀. Mo gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà, mo yíjú, mo sì lu tábìlì.